Físíò ò ní views: ọ̀rọ̀ orúnkún àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù wa ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

1/ Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ orúnkún ni mo fẹ́ sọ, pàápàá orúnkún àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù láti Durbar ní Ọ̀yọ́ títí dé Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó gùn díẹ̀. Tí ẹ ò bá ráyè báyìí, ẹ fi pamọ́, ẹ padà wá kà á. 🧵

2/ Oríṣi fídíò orúnkún méjì ló máa ń lọ káàkiri láàárín wa. Àkọ́kọ́: bàbá kan di ẹsẹ̀ ọmọkùnrin mú, ó fi òrí pa á, ó fà á, orúnkún ró "kọ́!", gbogbo èèyàn pariwo. Ìkejì: ọmọ kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì, báńdéèjì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà àkáǹtì wà lábẹ́ fọ́tò: "Ẹ ṣàánú wa, iṣẹ́ abẹ ni."

3/ Ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí ẹní nínú yàrá, tó ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó sinmi, tó tún gbé e, lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta ńkọ́? Ẹ ti rí fídíò tirẹ̀ rí? Kò dùn ún wò, ìdí nìyẹn. Físíò ò ní views. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló yẹ kó ṣáájú fún ọ̀pọ̀ orúnkún tó bàjẹ́ lórí pápá.

4/ Èmi kì í ṣe dókítà o. Content ni mo ń ṣe. Ṣùgbọ́n mo mọ bí nǹkan ṣe ń tàn kálẹ̀ lórí fóònù, mo sì mọ̀ pé ohun tí a bá ń rí lójoojúmọ́ la máa ń rò pé òun ni ìtọ́jú. Ọmọ ogún ọdún tó bá fi orúnkún ṣèṣe lónìí, kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, TikTok ti sọ ohun tó máa ṣe fún un.

5/ Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú orúnkún. Ẹ mọ biscuit bone, èyí tí a máa ń du mọ́ ara wa lọ́wọ́ nínú ọbẹ̀? Funfun ni, ó ń dán, eyín lè gé e. Irú rẹ̀ wà nínú orúnkún wa. Oríṣi méjì ni. Èkíní bo orí eegun níbi tí eegun itan ti pàdé eegun ojúgun, kí wọ́n lè máa yọ̀ lórí ara wọn láìha ara wọn. Èyí ni àwọn dókítà máa ń pè ní cartilage.

6/ Ìkejì ni meniscus. Òun náà, biscuit bone ni. Méjì ló wà nínú orúnkún kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lápá inú, ọ̀kan lápá òde, wọ́n tẹ̀ bíi lẹ́tà C. Ẹ rò ó bí òṣùká orí aláàárù. Ẹrù wà lókè, orí wà nísàlẹ̀, òṣùká ló ń jẹ́ kí ẹrù jókòó dáadáa kó má dun orí. Tí ẹ bá yọ òṣùká, ẹrù ṣì máa dúró lórí. Ṣùgbọ́n orí á mọ̀ ọ́n lára.

7/ Ibi tí wàhálà wà nìyí: cartilage tó bo eegun kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ rárá. Meniscus ní ẹ̀jẹ̀ létí òde, apá inú rẹ̀ kò ní. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé, ara kì í lè tún un ṣe dáadáa. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ orúnkún kò fi rí bí ọ̀rọ̀ apá tó kán. Eegun apá ní ẹ̀jẹ̀: tí wọ́n bá tò ó, tí wọ́n dì í, ó máa so. Cartilage ò rí bẹ́ẹ̀.

8/ Báwo ló ṣe máa ń ṣẹlẹ̀? Ẹsẹ̀ dúró gbọn-in sílẹ̀, ara yí, orúnkún lọ́. Ẹnikẹ́ni lè má fọwọ́ kàn yín. Ẹ sì mọ bí pápá wa ṣe rí: yanrìn níbí, òkúta lọ́hùn-ún, kòtò láàárín. Monkey post tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé orí ọ̀dà ni wọ́n ti ń gbá a. Bàtà á di ilẹ̀ mú, ara á lọ, orúnkún ló máa gbé e.

9/ Ẹ fi àwọn àmì yìí sọ́kàn. Tí orúnkún bá wú láàárín wákàtí kan tàbí méjì, ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ó lè jẹ́ ACL, ìyẹn okùn tó di orúnkún mú láti inú, ló já. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kejì ló tó wú, tó ń dunni tí a bá lóṣòó tàbí tí a bá yí ẹsẹ̀, meniscus la máa kọ́kọ́ fura sí. Tó bá há, tí ẹsẹ̀ ò ṣeé nà tán, ìyẹn le ju gbogbo ẹ̀ lọ. Mo ń bọ̀ wá sórí ẹ̀.

10/ "Wọ́n ti ya ẹ́síréè, wọ́n ní kò sí nǹkan kan." Haba. Eegun ni ẹ́síréè ń fi hàn. Biscuit bone kì í hàn nínú rẹ̀. Ohun tí ẹ́síréè yẹn sọ ni pé eegun ò kán, kò sọ pé orúnkún ò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó mọ iṣẹ́ lè fi ọwọ́ yẹ orúnkún wò, kó tẹ̀ ẹ́, kó yí i, kó sì mọ púpọ̀ nípa rẹ̀. MRI ló ń fi inú rẹ̀ hàn kedere, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo orúnkún ló nílò MRI lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

11/ Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò gba owó. Ẹ kúrò lórí pápá, ẹ má parí ìdajì kejì. Ẹ gbé píọ̀ wọ́tà tó ti dì, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin lóòjọ́. Ẹ fi báńdéèjì dì í, kó má fún jù. Tí ẹ bá dùbúlẹ̀, ẹ fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ sókè. Kò sí omi gbígbóná, kò sí ọtí, kò sí eré sísá, kò sí fífi ọwọ́ ra á. Ìkẹyìn yẹn gan-an la máa ń kọ́kọ́ ṣe.

12/ Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti àwọn tó ń to eegun. Mi ò wá bú bàbá ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ìran wọn ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ti rìn padà wálé láti ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n eegun ni wọ́n ń tò. Tí meniscus bá ya, eegun wo ló yẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tò padà? Kò sí. Ohun tó ya wà láàárín eegun méjì, ọwọ́ ò lè kàn án láti ìta.

13/ Ìró "kọ́" tí ẹ ń gbọ́ nínú fídíò yẹn kì í ṣe eegun tó padà sílé. Afẹ́fẹ́ inú oríkèé lásán lè ró bẹ́ẹ̀, ẹ lè fọ́ ìka yín báyìí kí ẹ gbọ́ ọ. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀kẹ́ meniscus tó ya ló há sáàárín eegun, tí wọ́n wá ń fi agbára na ẹsẹ̀ yẹn, wọ́n lè ya èyí tó kù.

14/ Gbẹ́rẹ́ sínsín lórí orúnkún tó wú ńkọ́? Ẹ má dán an wò. Tí kòkòrò bá gba ojú gbẹ́rẹ́ wọ inú oríkèé, ó lè jẹ cartilage láàárín ọjọ́ díẹ̀. Orúnkún tó wú, tó gbóná, tí ibà sì tún dé sí i, ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà ni. Ẹ má dúró di àárọ̀.

15/ Ti abẹ́rẹ́ wá kàn. Ẹ mọ bó ṣe máa ń lọ. Àṣekágbá ku ọ̀la, striker ń tiro. Kóòṣì á ní, "Lọ gba abẹ́rẹ́ ní kẹ́mísìtì, wàá gbá a." Ọmọ á gba diclofenac, ìrora á lọ, á gbá a. Wọ́n tiẹ̀ lè borí. Bí a bá ní ká wo dídùn ifọ̀n, a ó họra dé eegun. Ìrora tó lọ kò sọ pé ohun tó ya ti so. Ẹ kàn pa ẹnu ẹni tó ń kìlọ̀ fún yín dé ni.

16/ Abẹ́rẹ́ steroid tí wọ́n ń gún sínú orúnkún fúnra rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Dókítà lè lò ó fún ìdí pàtàkì. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, wọ́n gún un fún àwọn tó ní làkúrègbé orúnkún lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta fún ọdún méjì, wọ́n sì gún omi iyọ̀ lásán fún àwọn yòókù. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 ni pé cartilage àwọn tó gba steroid ló jẹ jù, ìrora àwọn méjèèjì ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí ọmọ ọdún mọ́kànlélógún á máa gbà nítorí kọ́ọ̀bù Iléyá.

17/ Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ ti iṣẹ́ abẹ, torí òun ni gbogbo èèyàn rò pé ó jẹ́ ìtọ́jú gidi. "Tó bá jẹ́ pé owó wà ni, à bá ti gbé e lọ India." Mo yé e. Ìfẹ́ ló ń mú ká sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí.

18/ Ní Denmark, wọ́n kó èèyàn 121 jọ, láti ọmọ ọdún 18 sí 40, tí meniscus gbogbo wọn ti ya. Wọ́n pín wọn sọ́nà méjì. Àwọn kan ṣe iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀. Àwọn yòókù ṣe físíò fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, wọ́n sì sọ fún wọn pé tó bá yá tí kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n ṣì lè ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ara àwọn méjèèjì ti yá sí i, ìyàtọ̀ gidi ò sí láàárín wọn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin lára àwọn oní-físíò ló padà ṣe iṣẹ́ abẹ. 2022 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

19/ Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Nínú mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú físíò, mẹ́ta ò nílò ọ̀bẹ láàárín ọdún yẹn. Kì í ṣe arúgbó ni wọ́n, ọjọ́ orí tèmi tẹ̀yin ni. Ẹ wá ronú iye owó tí à ń tọrọ lórí ayélujára fún ohun tí ẹní, ògiri àti sùúrù lè yanjú fún púpọ̀ nínú wa.

20/ Fún àwọn bàbá àti ìyá wa, ọ̀rọ̀ náà tún ya èèyàn lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Finland, wọ́n mú èèyàn 146, ọmọ ọdún 35 sí 65, tí meniscus wọn ti gbó, tó sì ya. Wọ́n gé ibi tó ya fún àwọn kan. Fún àwọn yòókù, wọ́n kàn ṣe bí ẹni pé wọ́n gé e, wọn ò gé nǹkan kan. Lẹ́yìn ọdún kan, ìkan ò sàn ju ìkejì lọ. 2013 nìyẹn.

21/ Ṣé mo wá ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe iṣẹ́ abẹ? Rárá o. Àwọn orúnkún kan wà tí físíò nìkan ò lè gbà. Èyí tó há, tí ẹsẹ̀ ò ṣeé nà, tó jẹ́ pé ẹ̀kẹ́ tó ya ló dí ọ̀nà: ẹ tètè gbé e lọ bá dókítà eegun. Èyí tó ń yẹ̀ lábẹ́ èèyàn ṣáá lẹ́yìn físíò tó péye. Èyí tí ègé cartilage ti ré kúrò lórí eegun, tó ń rìn kiri nínú oríkèé. Ọ̀bẹ ní iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀.

22/ Tó bá wá di iṣẹ́ abẹ, ìbéèrè kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ bi dókítà: "Ẹ̀yin sà, ẹ máa gé e kúrò ni, àbí ẹ máa rán an?" Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Tí wọ́n bá gé apá tó ya, èèyàn lè padà sórí pápá láàárín bí oṣù kan sí méjì. Tí wọ́n bá rán an, ó lè tó oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Agbábọ́ọ̀lù tó ń kánjú máa ń yan gígé. Ṣùgbọ́n òṣùká ni wọ́n ń yọ yẹn. Bí wọ́n bá ṣe yọ ọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni làkúrègbé ṣe ń sún mọ́ ilé.

23/ Dwyane Wade, àgbà ọ̀jẹ̀ basketball ní Amẹ́ríkà, wọ́n yọ meniscus rẹ̀ nígbà tó wà ní yunifásítì ní 2002. Ó gba ife NBA mẹ́ta lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orúnkún yẹn dà á láàmú jálẹ̀ ìgbà tó ń gbá a, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ nígbà yẹn ló fà á. Wade rèé, pẹ̀lú gbogbo dókítà tí owó lè rà.

24/ Àwọn iṣẹ́ abẹ ńlá náà wà. Wọ́n lè lu ihò kéékèèké sórí eegun kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde wá bo ibi tí cartilage ti ṣí. Wọ́n lè mú cartilage láti ibòmíì nínú orúnkún kan náà lọ lẹ̀ ẹ́. Ní Sweden, láti 1987, wọ́n ti ń mú sẹ́ẹ̀lì cartilage jáde, wọ́n á tọ́ ọ nínú ilé àyẹ̀wò kó pọ̀, wọ́n á dá a padà. Ó dára. Àmọ́ gbogbo wọn, lẹ́yìn ọ̀bẹ, físíò olóṣù gbọọrọ ló ń tẹ̀lé e. Ẹ ò lè sá fún un.

25/ Ẹnìkan á ní, "Ndidi ńkọ́?" Òótọ́ ni. Ní oṣù kìíní 2020, Wilfred Ndidi ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré sí meniscus ní Leicester, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó ti padà. Ohun tí ẹ rí ni iṣẹ́ abẹ. Ohun tí ẹ ò rí ni àwọn físíò tó ń bá a ṣe é láràárọ̀, oúnjẹ, adágún omi, pápá tó tẹ́ bíi tábìlì. Tí a bá mú iṣẹ́ abẹ Ndidi, tí a fi físíò Ndidi sílẹ̀, ìdajì ìtọ́jú la rà.

26/ Ẹlòmíì á ní, "Umtiti sá fún iṣẹ́ abẹ, wo ohun tó fojú rí." Ìbéèrè gidi nìyẹn, mi ò ní sá fún un. Samuel Umtiti, ọmọ tí wọ́n bí ní Yaoundé, cartilage orúnkún òsì rẹ̀ ti bàjẹ́ ní 2018. Kò ṣe iṣẹ́ abẹ, ó lọ sí World Cup, òun ló fi orí kan bọ́ọ̀lù tó lé Belgium lọ ilé, France gba ife. Lẹ́yìn ìyẹn, orúnkún ò jẹ́ kó gbádùn mọ́. Ní 2025, ó fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọdún 31.

27/ Ẹ̀kọ́ tí mo rí níbẹ̀ kò ta ko ohun tí mò ń sọ. Kíkọ iṣẹ́ abẹ kì í ṣe ìtọ́jú. Físíò ni ìtọ́jú, ìsinmi wà nínú rẹ̀, kíkúrò lórí pápá fún ìgbà díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Orúnkún tó ti bàjẹ́ tí ẹ wá ń fi gbá ìdíje tó le jù láyé, ẹ ò tíì yan nǹkan kan fún un. Umtiti gba ife àgbáyé dípò rẹ̀, bóyá ó tọ́ sí i. Kí lẹ̀yin máa gbà? Àgbò kan àti jẹ́sì?

28/ Físíò gan-an, kí ni wọ́n máa ń ṣe? Kì í ṣe ìwọ́ra, kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n nìkan. Ẹ jókòó, ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ orúnkún, ẹ fi ẹ̀yìn orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ ka ẹní dé árùn-ún. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè ní nínà. Ẹ gbé ìbàdí sókè. Tó bá yá, ẹ fara ti ògiri kí ẹ rọra lóṣòó díẹ̀. Ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Tí iṣan itan bá le, òun á máa bá orúnkún gbé ẹrù. Ẹ jẹ́ kí físíò kọ́kọ́ yẹ̀ yín wò kó sọ èyí tó bá tiyín mu.

29/ "Níbo la ti máa rí físíò ní ìlú wa?" Ẹ ò ní láti dé India. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, LAUTECH Teaching Hospital wà, Bowen University Teaching Hospital náà wà, èyí tí àwọn Onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé ìwòsàn láti 1907. Ẹni tó wà ní Ọ̀yọ́ lè gba ibẹ̀ lọ tàbí kó lọ sí UCH ní Ìbàdàn. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn physiotherapist láti 1966. A kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní wọn. A kì í lọ bá wọn ni.

30/ Mo mọ ohun tó ṣòro níbẹ̀. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo wa mọ̀ ọ́n, ẹni tí orúnkún ń dùn ò fẹ́ fún ara rẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀ láàárín àwọn tírélà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Owó ọkọ̀ lè ju owó ìtọ́jú lọ. Nítorí náà, ẹ sọ fún físíò lọ́jọ́ àkọ́kọ́: "Ọ̀nà mi jìn, ẹ kọ́ mi ní èyí tí mo lè ṣe nílé, ẹ jẹ́ kí n máa padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì-mẹ́ta." Ó ṣeé ṣe. Ẹ fi fóònù gba fídíò bó ṣe ń ṣe é.

31/ Ẹ̀yin tó ń gbé ìdíje kalẹ̀, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ẹ ń tẹ fọ́tò ara yín sí jẹ́sì. Ẹ ń gbé àga àti kánópì wá fún àwọn ọlọ́lá. Ẹ ní MC, ẹ ní DJ. Yìnyín ò sí létí pápá. Tí ọmọ kan bá ṣubú, wọ́n á gbé e síta, wọ́n á fọ́n nǹkan tútù sí i, eré á tẹ̀ síwájú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí síbẹ̀. Ẹni tó lè ra jẹ́sì méjìlélógún lè ya owó físíò èèyàn méjì sọ́tọ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ọmọ tí kò bá rí ìdáhùn sí "ta ló máa tọ́jú orúnkún mi?" kò yẹ kó wọ jẹ́sì yín.

32/ Ẹ̀yin kóòṣì náà, èyí ò ná yín ní kọ́bọ̀. FIFA ní ìmúra kan tí wọ́n ń pè ní 11+, ogún ìṣẹ́jú ni: eré díẹ̀, lílóṣòó, fífò, dídúró lórí ẹsẹ̀ kan, bí a ṣe ń yí láì lọ́ orúnkún. Ọmọ Nàìjíríà ló dán an wò ní Èkó, nínú Lagos Junior League: ikọ̀ 20, agbábọ́ọ̀lù 416, ọmọ ọdún 14 sí 19, fún oṣù mẹ́fà. Ìpalára dín kù ní ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tó ń ṣe é, ti ẹsẹ̀ dín kù ní ìdá 48. 2014 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Lórí pápá Èkó o, kì í ṣe ti Germany.

33/ Ẹ̀yin ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù, mi ò gbàgbé yín. ACL obìnrin tètè ń já ju ti ọkùnrin lọ nínú eré ìdárayá tó ní yíyí àti fífò. Tó bá wá ṣẹlẹ̀, dípò "pẹ̀lẹ́", ohun tí a máa ń gbọ́ ni "ṣebí a ti sọ fún ọ pé bọ́ọ̀lù kì í ṣe tìrẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń mú kí ọ̀pọ̀ wọn fi ìrora pamọ́ nílé. Orúnkún ò mọ ọkùnrin, kò mọ obìnrin, ìtọ́jú kan náà ló ń fẹ́.

34/ Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára tó báyìí. Púpọ̀ nínú wa ò ní gba bọ́ọ̀lù jẹun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá nílò orúnkún ju bọ́ọ̀lù lọ. A ó kúnlẹ̀ kí ìyá wa. Lọ́jọ́ ìdána, ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ á dọ̀bálẹ̀ fún àna, wọ́n á ní kó tún un ṣe, á tún un ṣe. Ẹni tó ń kírun ń fi orúnkún kanlẹ̀ lójoojúmọ́, ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ń kúnlẹ̀ gbàdúrà. Roko, gun ọ̀kadà, gbé ọmọ pọ̀n: orúnkún ni gbogbo ẹ̀.

35/ Ọmọ tó fi abẹ́rẹ́ gbá àṣekágbá ní ọmọ ogún ọdún, ẹni tó máa san gbèsè ẹ̀ ni ọkùnrin ọmọ ọdún márùnlélógójì tó máa ní kí wọ́n gbé àga fún òun láti kírun. Kóòṣì ò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwa tó pariwo nígbà tó jẹ góòlù náà ò ní sí níbẹ̀.

36/ Ní kúkúrú: orúnkún bá wú, ẹ jáde. Píọ̀ wọ́tà dídì, ẹ má ra á. Tó bá há, tí ẹ ò bá lè fi ẹsẹ̀ náà rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tàbí tó gbóná pẹ̀lú ibà, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lọ bá físíò, ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta tó péye. Tó bá wá di iṣẹ́ abẹ, ẹ béèrè: gígé ni, àbí rírán?

37/ Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Tí ẹ bá ń ṣe físíò lọ́wọ́ báyìí, ẹ gbé e sórí ayélujára. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kẹwàá, ọjọ́ àádọ́rùn-ún. Ẹ má wò ó pé kò dùn ún wò. Ẹ tag mi, èmi á repost gbogbo ẹ̀, bó jẹ́ èèyàn méje ló máa rí i. Ọmọ kan ní Òkè-Ẹbọ tàbí Tàkíè lè wà nínú àwọn méje yẹn, tó gbé ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí, tí kò mọ èyí tó máa ṣe.